Okùn Ìwọ̀n

Ní Akúrẹ́, òkúta ni à ń tẹ̀.
Ẹ bọ́ sí ẹ̀yìn yàrá iṣẹ́ wa, ẹ wòkè:
àwọn àpáta jókòó bí àgbà tí kò ní ibi tó ń kánjú lọ.
Ìdí wọn ni mo wà, tí mo ń ya ilẹ̀ tí mi ò lè tẹ̀ láéláé.

Àwòrán ìsàlẹ̀ òkun wà lórí tábìlì,
ó gùn tó ẹní méjì,
bíríkì la fi dì í mú nítorí ọyẹ́.
Ohùn ni wọ́n fi yà á:
ọkọ̀ á ké sísàlẹ̀, ìsàlẹ̀ á dáhùn,
a ó ka bí ìdáhùn ṣe pẹ́ tó.
Ibi tó bá pẹ́, ibẹ̀ ló jìn.

Wáyà ni wọ́n fẹ́ tẹ́ gba ibẹ̀ kọjá,
tí ọ̀rọ̀ ẹnu wa yóò máa bá dé òkè òkun.
Akínmúṣùyì ọ̀gá mi ní kí n kọ ìlà mẹ́ta péré:
ilẹ̀ dára, tàbí kò dára,
kí n sì fọwọ́ sí i.
Ọjọ́ Ẹtì ni wọ́n ń bọ̀ wá gbà á.

Ìlà mẹ́ta.
Mo fi pẹ́ńsù tọ etí ibi tí òkun ti já wálẹ̀ lójijì,
bí ẹni tó ń fi ìka wá ojú egbò nínú òkùnkùn.
Ẹrẹ̀ ni, ẹrẹ̀ lórí ẹrẹ̀,
èyí tí odò ti ń rù wá kí a tó ní orúkọ;
ó jókòó sórí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, kò dì, kò sì ṣàn.
Lábẹ́ rẹ̀, afẹ́fẹ́ há, bí èémí ẹni tó fẹ́ sín.
Mo rí àpá kan,
ó gùn ju ọ̀nà Ọba Adésidà lọ:
ilẹ̀ ti yọ̀ níbẹ̀ rí,
ní òru ọjọ́ kan tí ẹnikẹ́ni ò jí.
Ẹja nìkan ló gbọ́.

Tó bá tún yọ̀, kì í ṣe wáyà nìkan ni yóò já.
Omi orí rẹ̀ yóò kúnlẹ̀, yóò sì dìde,
kì í sì í béèrè pé ilé ta nìyí.

Bàbá mi kò mọ àwòrán kankan kà.
Jéjélọlá apẹja, létíkun Ìlàjẹ,
okùn ló fi ń wọn omi, òjé nídìí rẹ̀.
Òrí tó fi pa òjé náà á gbé ẹrẹ̀ bọ̀ wá sókè,
bàbá á sì fi imú kà á.
Ọ̀bẹ ni gègé rẹ̀, pákó ọkọ̀ ni ìwé:
ọdún tí wọ́n bí mi, iwájú ilé wa jẹ́ apá mẹ́rin;
ọdún tí mo wọ ilé ẹ̀kọ́, apá méje;
ọdún tí ìyá mi kú, apá mọ́kànlá,
ẹrẹ̀ náà sì ń rùn bí ẹyin òbu.
"Ọ̀gbun ń bọ̀ wálé," ó wí, ó ń di ojú àwọ̀n.
Ilé tí mo sọ yẹn,
omi ló wà níbẹ̀ báyìí.

Ọ̀gá ní, "Pákó ọkọ̀ kì í ṣe ẹ̀rí."
Òótọ́ ni. Mi ò bá a jiyàn.
Ó ti kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ rẹ̀ bọ àpò, ó lọ sílé.
Iná lọ. Jẹnẹrétọ̀ wú ikọ́ lẹ́ẹ̀mejì, ó dákẹ́.
Mo dúró lókùnkùn lórí òkúta Akúrẹ́,
ẹsẹ̀ mi ń wá ibi tí yóò rì sí.

Mo pe bàbá. Ìjì kún inú fóònù.
"Ẹ bá mi wọn ibẹ̀ lọ́la."
Kò fèsì.
Mo ń kà á: ọ̀kan, èjì, ẹ̀ta, ẹ̀rin…

"Mo wọ̀n ọ́n lánàá," ló wá wí,
"okùn mi ò kanlẹ̀ mọ́.
Mo ti lọ yá ti Ọmọyẹlé.
Mo ń so méjèèjì pọ̀ lọ́wọ́ nígbà tí o pè."